Síbí Tó Dojú Dé

Sátidé, 3 oṣù Karùn-ún

Èmi ni mo ń dá ayé dúró. Kì í ṣe ẹnu lásán. Bí ayé bá ń yí kíríkírí, tí mo bá ti ní kó dúró, á dúró wìì, á tún bi mí pé, ṣé ibí lẹ fẹ́, ọ̀gá? Èmi yìí kan náà ni mo lè jẹ àwo ìrẹsì mẹ́rìnlá láìmu omi sí i. Ẹ̀rù ò sì bà mí rí. Ẹ̀rù gan-an, tó bá pàdé mi lọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Ìwé, ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Ayé Róbótó — bọ́ọ̀lù tí wọ́n ya gbogbo orílẹ̀-èdè sí lára, tó ń yí lórí irin, tó ń dún wín-ín bí ẹ̀fọn — orí àpótí tẹlifíṣọ̀n ló wà. Ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti ki gọ́ọ̀mù tí mo jẹ tán bọ ibẹ̀. Gọ́ọ̀mù ńlá. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá lẹ̀ mọ́ lá wúwo, ibi tó bá wúwo ló ń pinnu ibi tí ayé máa dúró sí. Wáyà hángà ni mo fi ń tì í kiri nínú lọ́hùn-ún. Ọgbọ́n orí mi yìí, ó yẹ kí ìjọba máa sanwó oṣù fún un.

Ìdí tí mo fi ṣe é? Ikùn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Kékeré, àbúrò wa obìnrin, á di ojú, á yí Ayé Róbótó, á na ìka. Orílẹ̀-èdè tí ìka rẹ̀ bá bà lé, oúnjẹ wọn la máa sè. Dádì ló dá a sílẹ̀. Kúùkù inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí àwa náà máa fi ẹnu rìn kiri, kó má jẹ́ àwọn nìkan.

Mẹ́síkò ni mo fẹ́ lónìí. Ẹran. Ayé Róbótó bá dúró sí Jàpáàn. Gọ́ọ̀mù ti yẹ̀, ooru ló fà á.

Ìrẹsì la dì bíi bọ́ọ̀lù kékeré, a fi ẹja sínú. Mọ́mì, aránṣọ, fi ọwọ́ rọ tiwọn títí ó fi rí bíi bọ́tìnnì kóòtù. Tèmi rí bíi orí ẹni tó ṣubú láti orí kẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa oògùn wọn fínígà. (Nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní "ó". Níta, "ẹ̀yin" ni. Ìgbátí rẹ̀ dùn mí.)

Mọ́mì tọ́ ìrẹsì wò. "Ta ló fi iyọ̀ sí i? Ó mà ṣe déédéé o." Síbí onígi ti dojú dé lórí ọmọrí ìkòkò.

Òfin Dádì nìyẹn, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti kó o bọ̀: ẹni tó bá fi iyọ̀ sí ìkòkò, kó dojú síbí dé sórí ọmọrí, kí ẹlòmíì má bàa fi òmíràn sí i. Síbí tó bá ṣíjú sókè, ìkòkò ò tíì gba iyọ̀. Láti kékeré la ti ń ṣe é. A lè gbàgbé orúkọ ara wa, a ò lè gbàgbé síbí.

Mo rò pé Nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì rò pé èmi ni. A jẹun.

Sọ́ńdè, 4 oṣù Karùn-ún

Mi ò kọ ọ́ lánàá torí mi ò fẹ́: Jàpáàn ni Dádì ti pè wá kẹ́yìn. Ó ti pẹ́. Láti ìgbà yẹn, fóònù wọn ò dún, ọkọ̀ wọn ò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí rédíò.

Sátidé, 10 oṣù Karùn-ún

Mẹ́síkò ni mo tún fẹ́. Fíẹ́tínáàmù ló dé.

Ọbẹ̀ egungun àti núdù. Wọ́n ní ká fi iná jó àlùbọ́sà àti jínjà títí ara wọn á fi dúdú. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo jó o dáadáa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó kíṣìnnì mọ́ ọn. Sínámọ́nì. Kànáfùrù. Òórùn yẹn gba inú ilé kọjá, ó wọ pálọ̀, ó jókòó sára gbogbo aṣọ oníbàárà tí Mọ́mì so kọ́. Mọ́mì ń pariwo: "Ìyàwó tuntun ló fẹ́ wọ eléyìí o! Ọkọ á fẹ́ fi síbí bù ú jẹ ni!" A rẹ́rìn-ín títí Kékeré fi ń wú ikọ́. Ẹ̀rín tó dáa, ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wọ ilé yìí.

Ẹ̀rín yẹn la ṣì ń rín tá a fi padà sídìí sítóòfù. Síbí ti dojú dé.

Mọ́mì ní, "Alásọdùn, ìwọ ni?" Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ọ̀run ni àbí òótọ́ tèmi. Mo ní òótọ́ ọ̀run. Nọ́ọ̀sì ní òun ṣì ń wá agolo iyọ̀ ni. Kékeré ò ga tó sítóòfù.

Nọ́ọ̀sì bu díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ti wà níbẹ̀. Ó gbé agolo iyọ̀ padà sórí pẹpẹ.

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni Dádì máa ń fi tọ́ ọbẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 14 oṣù Karùn-ún

Nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní òun mọ̀ pé èmi ni mò ń dojú síbí dé, eré yẹn ò dáa, ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì ń ru. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo lè fi ẹ̀yin búra." Ó ní kí n má fi òun búra, kí n fi ara mi búra. Mo fi ara mi búra, mo fi ikùn mi kún un. Ó wò mí lójú pẹ́. Ó wá rọra sọ pé, "Mo rí i lójú ẹ, o ò purọ́."

Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́ kó sọ.

Sátidé, 17 oṣù Karùn-ún

Íńdíà. Mi ò tiẹ̀ ro Mẹ́síkò mọ́.

Ẹ̀wà kéékèèké pẹlẹbẹ, ó pupa kó tó jinná, ó yí sí àwọ̀ ìyeyè bó ṣe jinná tán. Èèyàn á mú epo gbóná lọ́tọ̀, á da ata gbígbẹ àti irúgbìn tó ń ta pàrà-pàrà sínú rẹ̀, á dà á lé ẹ̀wà lórí — ṣààà! Kékeré sá wọ abẹ́ tábìlì máṣìnnì. Ó ní ọbẹ̀ ń bínú.

Ibi tí mo ti ń yọ ọ́ níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìró igi lórí irin. Kọ̀. Mọ́mì wà ní pálọ̀ pẹ̀lú wa. Nọ́ọ̀sì wà ní pálọ̀. Gbogbo wa gbọ́. Kò sẹ́ni tó sáré. Bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ pé wọ́n pe òun, tí kò sì dá a lójú.

Ó dojú dé. Iyọ̀ ti wọ̀ ọ́. Ó dùn, Ìwé. Ó dùn débi pé ojú ń tì mí pé mo bu kún.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Nọ́ọ̀sì fa Ayé Róbótó sórí ẹsẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀nà. Jàpáàn. Fíẹ́tínáàmù. Íńdíà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń lọ." Mọ́mì ní ọ̀nà wo. Ó ní ọ̀nà ilé.

Mọ́mì padà sídìí máṣìnnì. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tí wọ́n ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Láti ìgbà tí fóònù Dádì ti kú, mi ò gbọ́ orin lẹ́nu wọn.

Ó dáa. Kí n kọ ọ́ sínú ẹ kó yé ẹni tó bá máa yé: èmi ni mò ń ṣe é. Gọ́ọ̀mù. Mò ń tì í díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wálé, kí inú Mọ́mì lè dùn. Ọmọ rere ni mí.

Túsìdeè, 20 oṣù Karùn-ún

Mọ́mì pe ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-Ní-Sùúrù ló gbé e, bó ṣe máa ń gbé e. Ọ̀rọ̀ méjì ló mọ̀ lágbàáyé: "Ẹ ní" àti "sùúrù". Lónìí, ó ra ọ̀rọ̀ tuntun. Ó ní bí oṣù yìí bá parí tí ọkọ̀ náà ò fọhùn, àwọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti sọnù sínú omi pẹ̀lú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Mọ́mì ní, "Ẹ ṣeun, sà." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo fẹ́ gba fóònù kí n fi èébú tí wọn ò tíì dá sílẹ̀ bú u. Mọ́mì ní kí n lọ fọ abọ́.

Mo fọ abọ́. Mo fọ síbí yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Sátidé, 24 oṣù Karùn-ún

Mòsáḿbíìkì. Ṣé o rí i? Ó ń bọ̀.

Edé ńlá nínú omi àgbọn, ata, ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan. Èmi ni mo rẹ́ àgbọn, mo bẹ́ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde tó láti kun ilé. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní ẹ̀fọn ló jẹ mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di ọlọ́pàá. Kó tó di pé a gbé ìkòkò kaná, ó fi ọ̀bẹ tẹ́ ojú iyọ̀ inú agolo títí ó fi dán bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bu iyọ̀, a máa rí ojú ibẹ̀. Ó ní òun ò gba ìwin gbọ́, òun gba ọmọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ò dúró sójú kan gbọ́. Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́.

Kọ̀.

A wọlé. Ó dojú dé. Nọ́ọ̀sì ṣí agolo. Ojú iyọ̀ ń dán bó ṣe fi í sílẹ̀.

Iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀.

Kékeré nìkan ló jẹun bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mọ́mì bi í bóyá ẹ̀rù ò bà á. Ó ní, "Kí ló máa bà mí? Dádì ló ń bá wa se é." Ó tún bu edé.

Mọ́mì gbójú sókè, omi ti wà lójú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló wà lẹ́nu wọn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Bó bá ṣì ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, á jẹ́ pé ó wà níbì kan. Èmi, ohun kejì ni mo rò. Mi ò ní kọ ọ́.

Mọ́ńdè, 26 oṣù Karùn-ún

Mo ra gọ́ọ̀mù. Mo jẹ gbogbo ẹ̀. Àgbọ̀n ń dùn mí.

Fúráìdeè, 30 oṣù Karùn-ún

Ọ̀la ni oṣù máa parí. Mọ́mì rán kọ́là ẹ̀wù kan, wọ́n tú u, wọ́n tún un rán, wọ́n tú u. Ẹ̀wù Dádì ni.

Sátidé, 31 oṣù Karùn-ún

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi wọ́ lónìí, Ìwé. Òtútù ni. Kò sí òtútù.

Kékeré di ojú, ó yí i, ó na ìka. Omi.

Kò sí wàhálà. Bí ìka bá bọ́ sómi, à ń tún un yí ni. Òfin wà. Ó tún un yí. Omi. Ibì kan náà, omi búlúù nísàlẹ̀ Áfíríkà, kò sí erékùṣù, kò sí nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ní kó lo ọwọ́ òsì. Omi. Ó ní kí èmi wá yí i. Mo yí i bí ẹni tó fẹ́ já a kúrò lórí irin. Ayé sáré, ó sáré, ó dún wín-ín, ó dúró. Kékeré na ìka, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Omi. Ibẹ̀.

Mọ́mì dìde. Wọ́n bọ́ òrùka àránṣọ kúrò níka, wọ́n gbé e sórí máṣìnnì jẹ́jẹ́.

"Ẹ gbé omi kaná."

Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ibi tí ìka ọmọ mi bá bà lé la máa ń sè. Omi ló bà lé. Omi la máa sè."

Mi ò rí Mọ́mì bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe ẹkún, kì í ṣe ìbínú. Ohùn tí wọ́n fi ń bá oníbàárà sọ ọjọ́ tí aṣọ máa jáde ni wọ́n fi sọ ọ́.

Mo bu omi láti ẹnu ẹ̀rọ. Omi lásán, mo mu nínú ẹ̀. Mo gbé e kaná. Nọ́ọ̀sì mú agolo iyọ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó fi apá méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ọmọ. Gbogbo wa jókòó ní pálọ̀, a ń wo ọwọ́ ara wa. A ń gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ń hó.

Kọ̀.

Kékeré ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Mọ́mì ló kọ́kọ́ wọlé. Síbí ti dojú dé. Wọ́n ṣí ọmọrí, wọ́n bu omi gbígbóná sẹ́yìn ọwọ́, wọ́n fi ahọ́n kàn án. Wọ́n dúró báyìí, ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì.

Mo tọ́ ọ wò. Omi òkun.

Sọ́ńdè, 1 oṣù Kẹfà

Ìkòkò omi yẹn ṣì wà lórí sítóòfù, kò sẹ́ni tó dà á nù.

Mọ́ńdè, 2 oṣù Kẹfà

Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-Ní-Sùúrù ló pe àwa. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Mọ́mì da aṣọ bo Ayé Róbótó, èyí tó ṣẹ́kù nínú aṣọ ẹ̀wù Dádì. Wọ́n kó àwọn bàtà Dádì, ẹ̀wù Dádì, epúrọ́ọ̀nù tó ti jóná létí, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí. Síbí onígi ni wọ́n kó síbẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n dúró, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e padà sórí ìkòkò. Ojú sókè.

Wọ́n ní kò sí oúnjẹ Sátidé mọ́ nínú ilé yìí.

Mo fẹ́ sọ fún wọn nípa gọ́ọ̀mù. Kí n ní, Mọ́mì, kì í ṣe òkú ló ń dá ayé dúró, èmi ni, ẹ nà mí, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo débi ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Mo padà.

Sátidé, 7 oṣù Kẹfà

Mọ́mì ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Kékeré ṣí aṣọ kúrò lórí Ayé Róbótó, ó yí i kí n tó lè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó na ìka.

Àwa. Ilẹ̀ tiwa. Etí omi ibí gan-an.

Mo sáré wọ kíṣìnnì. Mi ò mọ ohun tí mò ń wá. Ìkòkò òfìfo, sítóòfù tútù. Síbí ṣì ṣíjú sókè.

Gbogbo ìgbà tó fi ń dojú dé, ẹ̀rù ò tíì bà mí tó báyìí. Ó ṣíjú sókè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹni yòówù tó ń fi iyọ̀ sí i, kò sí nídìí ìkòkò mọ́.

Mo da aṣọ bo ayé padà. Mo sọ fún Kékeré pé bó bá sọ fún Mọ́mì, ìgò ni màá fi í sí, màá sì fi sínú fíríìjì. Ó ní òun ò ní wọ ìgò. Ó ní kí n lọ gbálẹ̀, àlejò ń bọ̀.

Sọ́ńdè, 8 oṣù Kẹfà

Fóònù Mọ́mì dún nígbà tá a ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀. Nọ́ńbà àjèjì. Mọ́mì gbé e, wọ́n ní hẹ́lò, wọn ò sì sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n kàn na fóònù sí àárín tábìlì.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ohùn Dádì. Ó ti há. Ọkùnrin yìí kú, ó jí, ohun tó kọ́kọ́ bi wá nìyẹn.

Mi ò sunkún. Ọ̀rọ̀ mi ò yàtọ̀: àlùbọ́sà wà nítòsí. (Kò sí àlùbọ́sà.)

Tọ́sìdeè, 12 oṣù Kẹfà

Wọ́n dé. Wọ́n ti gbẹ. Bẹ́líìtì wọn gba ihò tuntun tí wọ́n fi ìṣó lù. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń pàṣẹ fún wọn, ó ń sunkún, ó ń pàṣẹ. Mọ́mì di ọwọ́ ẹ̀wù wọn mú, wọn ò jẹ́ kó bọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wọn ọwọ́ aṣọ.

Kékeré ní, "Mo ti ní kí wọ́n gbálẹ̀ dè yín."

Sátidé, 14 oṣù Kẹfà

Dádì ní àwọn ò fẹ́ yí ayé kankan lónìí, ìrẹsì funfun ni ká fún àwọn. A sè é. Mọ́mì ló fi iyọ̀ sí i, níṣojú gbogbo wa, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dojú síbí dé. A jókòó. Ibẹ̀ ni Dádì ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ ló bá àwọn tó ni ọkọ̀ jà. Ó bínú, ó jí ọkọ̀ gbé lọ. Bí wọ́n ṣe kúrò ní Jàpáàn báyìí, ó gba fóònù gbogbo wọn, ó pa rédíò. Kò jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀ níbì kankan. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé oúnjẹ wá bá wọn lójú omi. Ìrẹsì àti ẹja tí wọ́n kó ní Jàpáàn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Nígbà tó tán, núdù, ní Fíẹ́tínáàmù. Ẹ̀wà pẹlẹbẹ, ní Íńdíà. Edé àti àgbọn, ní Mòsáḿbíìkì.

Nọ́ọ̀sì ti gbé síbí sílẹ̀. Mọ́mì náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ tán, wọ́n wà nínú agbami. Dádì ní, "Àwọn ọmọkùnrin tá a jọ wà nínú ọkọ̀ ti ń wo ara wọn lójú burúkú. Mo gbé omi lásán kaná, kí wọ́n lè máa gbọ́ ìró ìkòkò, bóyá ọkàn wọn á balẹ̀. Mo yíjú báyìí. Síbí ti dojú dé! Mo tọ́ omi yẹn wò, iyọ̀! Omi mímu wa tó kù! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ na ọmọ tó ń bá mi fọ abọ́. Ó ń búra, ó ń sunkún." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò bá a wí ní tòótọ́. Torí bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ní gbogbo Sátidé. Mi ò ní tíì fọwọ́ kan iyọ̀, síbí á ti dojú dé. Iyọ̀ á ṣe wẹ́kú, bíi tilé gan-an. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo ní, wọn ò tíì jókòó láìsí mi. Ìyẹn ni mo fi dì í mú, títí ebi fi lé ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wá gúnlẹ̀ sétí omi wa níbí." Wọ́n wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ni nínú yín?"

Èmi wo Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì wo Mọ́mì.

Kékeré ló fọhùn. "Ẹ̀yin lẹ fi sí tiwa, Dádì."

"Tiyín kẹ̀? Èmi? Mi ò fi iyọ̀ sí ìkòkò kankan lọ́jọ́ Sátidé. Ẹnì kan ti ń fi sí i kí n tó débẹ̀."

A sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀, èkejì ń parí. Ojú Dádì ń yí padà. Nígbà tá a dórí ìkòkò omi, wọ́n ti ìrẹsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mi ò lè fara dà á. Mo bá pariwo pé ẹ fọkàn balẹ̀, gọ́ọ̀mù ni! Mo sọ ti ihò, mo sọ ti wáyà hángà, mo sọ bí mo ṣe ń ti gbogbo ayé bọ̀ wálé. Mo fi ọwọ́ ṣe é, mo fi ẹsẹ̀ ṣe é. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Dádì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Mọ́mì tẹ̀lé wọn, ẹ̀rín tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nọ́ọ̀sì ní ti síbí ńkọ́. Mo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ká máa tú u. Ó fa Ayé Róbótó sọ́dọ̀, ó fi ohun tí Mọ́mì fi ń tú àránṣọ la etí rẹ̀, ibi tí ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ ti pàdé. Ayé là sí méjì lórí tábìlì.

Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Mo ní mo ti yọ ọ́. Wọ́n gbà. Mọ́mì fa etí mi, wọ́n ní olè ayé. Dádì ní ọmọ àwọn á jọba. Gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni tó tan iná nínú òkùnkùn, mo sì ń tẹrí ba fún wọn, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára ìdajì ìsàlẹ̀ yẹn.

Nígbà tí wọ́n kó abọ́ kúrò, mo gbé ìdajì ìsàlẹ̀ wò dáadáa. Ihò tí mo kọ sínú rẹ yẹn, Ìwé, abẹ́rẹ́ Mọ́mì gan-an ò lè gba inú ẹ̀ kọjá.

Torí náà. Ohun tí mo kọ lójú ewé àkọ́kọ́, jẹ́ ká yanjú ẹ̀. Àwo ìrẹsì mẹ́rìnlá: òótọ́ ni. Ó dáa, mẹ́rin. Ti pé ẹ̀rù ò bà mí rí: wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi, kó o dájọ́. Ti gọ́ọ̀mù, irọ́ ni látòkè délẹ̀. Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, mo jókòó nìkan ní pálọ̀, Ayé Róbótó yí fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, ó sì dúró. Mo bá hùmọ̀ gọ́ọ̀mù, kó lè jẹ́ pé èmi ni.

Mi ò dá a dúró rí.